Ó Lé Ọ̀kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀pà, ẹ máa bó o lọ. Etí yín ni mo wá yá, ọwọ́ yín kò kàn mí. Òjò ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀ lónìí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò lọ sọ lẹ́yìn mi pé Ọdẹ́dìran fi ìtàn dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni Ọdẹ́dìran ọmọ Ọdẹ́wùmí. Ẹfọ̀n tó lé gbogbo ọdẹ Ìsàlẹ̀-Odò gun orí igi, èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá a lórí ilẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ńṣe ló máa ń rántí pé òun fi nǹkan sórí iná nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ìbọn kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe ẹranko ni mo bá jà, kì í ṣe iwin, kì í ṣe egbére. Iye kan ni mo bá jà, iye lásán bí èyí tí ẹ fi ń ka ebè, tó dúró sínú igbó tó ní òun ò ní ṣe é pín. Ẹ̀rín ń pa yín? Ẹ rín in dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibẹ̀.

Mo ní àbúrò kan, Ìgè ni orúkọ rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ló fi wá sáyé. Ní gbogbo agbègbè wa, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kà tó o. Bí a bá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n máa ń pè kí ó wá ka ebè. Á kàn gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá bí ẹni ń lọ yàgbẹ́, á sọ iye rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì á tún un kà títí ẹ̀yìn yóò fi ro ó, ohun tí Ìgè sọ náà ni yóò bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá kà, ẹnu rẹ̀ á kéde rẹ̀. Ọjọ́ tí a lọ tọrọ Àwẹ̀ró fún un, ó ka eyín tó ṣì wà lẹ́nu baba ọmọ náà, ó sì sọ iye rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Àánú Ọlọ́run la fi gba ìyàwó bọ̀.

Ìgè yìí ló wọ Igbó Abiyamọ lọ dẹ̀gbẹ́ tí kò padà. Oyún Àwẹ̀ró ń ga sí i, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá wa kò jẹun mọ́. Á fi òkèlè kan sẹ́nu, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn àgbà ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìṣípà, ètò ìkẹyìn fún ọdẹ tó ti kú, lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé bí a bá ti ṣípà ọdẹ tán, bó tilẹ̀ wà láàyè, ọ̀nà ilé ti dí mọ́ ọn nìyẹn. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná. Bí àgbàdo bá fi yọmọ tí n kò tíì dé, kí ẹ ṣe ti àwa méjèèjì pọ̀, ẹ ó fi dín ìnáwó kù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Mo fi àwàdà sọ ọ́ ni, àmọ́ mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, n kò sì ní torí pé mo jẹ́ ọdẹ kí n fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn, tàbí ohun tí mo jẹ, tàbí igi tí mo fẹ̀yìn tì. Gbogbo yín lẹ ti rí igi rí. Ẹ jẹ́ ká kúkú dé ẹnu igbó. Níbẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan tó dábùú ọ̀nà. Ojú kan ló ní, etí kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan, àní irùngbọ̀n rẹ̀ pàápàá, apá kan ṣoṣo ló hù sí. Aláàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó fi ààbọ̀ ẹnu rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọdẹ, dúró níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gba ibí kọjá, ààbọ̀ rẹ̀ tèmi ni. Kí lo mú dání?"

"Ìbọn kan, àdá kan, ajá kan."

"Ajá ni ká ti bẹ̀rẹ̀."

"Kò burú," mo wí. "Èwo lo fẹ́ nínú ààbọ̀ méjèèjì? Apá iwájú a máa gé ni jẹ. Apá ẹ̀yìn, o mọ iṣẹ́ tirẹ̀."

Ó ronú sí i, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo họ orí. "Fi ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀. Ìbọn ńkọ́?"

"Ó dára. Ìdí rẹ̀ ni n ó mú, ẹnu rẹ̀ ni n ó kọ sí ọ."

Inú bí i. "Ọdẹ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí n kò bá gba ààbọ̀ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, ibi tí o dúró sí yìí ni wàá hu olú sí."

Mo rí i pé kò ṣeré. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi. N ó fún ọ ní ààbọ̀ rẹ̀. Gbà: ìyá mi bí èmi, ó tún bí Ìgè, Ìgè wá wọ inú igbó yìí..." Mo sì pa ẹnu mọ́, mo ń wo ojú ọ̀run.

Kì í ṣe òní ni ẹ ń gbọ́ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Èmi ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo fi ojú mi rí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú Aláàbọ̀, ó ń wú nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo kún fún omi, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ó ti di odindi. Ó pẹ́ tí odindi nǹkan ti wọ inú mi gbẹ̀yìn. Kọjá, arákùnrin." Ó wá fà mí létí. Ó ní ìyá tó ni ibẹ̀ bímọ púpọ̀, n kò gbọdọ̀ ka ọmọ náà létí rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ló wà tí kò gbọdọ̀ gbọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ láé, èyí tí ń sọ nǹkan di kékeré àti èyí tó jọ ikú. "Má sọ pé 'dín'. Má sọ pé 'ó ku'. Má tilẹ̀ kí i ní 'ẹ kú'."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí i?"

"'Ẹ pọ̀ sí i.' Òun náà á dáhùn pé, 'Kí a máa lé.'"

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú igbó yẹn láì sọ pé ẹ kú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó, gbogbo rẹ̀ ni mo gbé mì. Ẹnu mi wúwo ju ìbọn mi lọ bí mo ṣe ń wọlé.

Igbó náà ṣí, ó di pápá, pápá náà sì kún fún ọmọ. Wọ́n wà lórí igi, wọ́n wà lábẹ́ gbòǹgbò, wọ́n ń fa ara wọn nírù, nítorí àwọn kan nínú wọn nírù. Kò sí èyí tó ga ju orúnkún mi lọ. Láàárín wọn ni Abiyamọ jókòó sí, ó ga lórí ìjókòó ju ọkùnrin tó dìde dúró lọ, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ bí ojú ìyá ọmọ gbogbo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí Ìgè. Ààbọ̀ fìlà ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà n kò bi í bó ṣe kọjá lọ́dọ̀ Aláàbọ̀. Ó fi okùn igbó pọn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò rí ọmọ ìka kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wọ ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, gbòǹgbò tín-ín-rín sì ti ń yọ níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ pọ̀ sí i."

"Kí a máa lé," ó wí. "Ìwọ náà wá ka ọmọ mi?"

"Rárá o, Ìyá. Àbúrò mi ni mo wá wò."

Ó fún mi láyè kí n bá a sọ̀rọ̀. Ìgè ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe é tán. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni mo ti kà wọ́n. Mo rántí pé n kò gbọdọ̀ sọ pé 'dín', 'lé' ni mo sì lò. Mo ní, 'Ìyá, ọmọ yín jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ó lé mọ́kànlélógójì.' Ẹ wo bó ṣe figbe ta!"

Ẹ rí i bí? Ẹ gbé ẹ̀pà yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ eléyìí. Kí ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta? Ẹgbàáta tí a mú ẹgbẹ̀rún kúrò nínú rẹ̀ ni. 'Dín' wà nínú rẹ̀, ó kàn lúgọ síbẹ̀ ni. Àwa tí a ń lò ó lójoojúmọ́, etí wa ti di sí i. Ṣùgbọ́n etí abiyamọ kì í di. Ohun tí obìnrin yẹn gbọ́ ni pé àlejò kan ti kó ẹgbẹ̀rún ọmọ kúrò lọ́wọ́ òun kó tó fi mọ́kànlélógójì tu òun nínú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Àgbà tó kọ́ wa pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Mo rí ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àbúrò mi.

Mo padà sọ́dọ̀ Abiyamọ, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ọmọ yìí fi wà lẹ́yìn Ìgè?"

"Nítorí kò rí ilé wọ̀," ó wí. "Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbé inú ilé ní dọ́gbadọ́gba, kí ilé kan má pọ̀ ju ìkejì lọ, kí ìjà má bàa sí. Mo kọ́ ilé méjì, mo pín wọn sí i. Ọ̀kan lé. Mo wó o, mo kọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan lé. Mo kọ́ mẹ́rin, ọ̀kan lé. Márùn-ún, ọ̀kan. Mẹ́fà, ọ̀kan. Mo kọ́ ọ títí dé mẹ́wàá, ọ̀kan ṣáà ni yóò wà níta. Mo kọ́ mọ́kànlá, mẹ́ta lé, mo ní ó ń burú sí i. Mo kọ́ méjìlá, ọ̀kan tún ni."

"Ọmọ kan náà ni nígbà gbogbo?"

"Òun ni. Àlékún ni mo sọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ará-Ìta. Kì í jà fún àyè. Bí wọ́n bá ń rọ́ wọlé, á yẹra kí wọ́n kọjá. Tí ilẹ̀kùn bá wá tì, á jókòó síbẹ̀, á máa sunkún, igbó kò ní lè sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún abẹ́nujáwéwé yìí pọ̀n."

"Ẹ kó gbogbo wọn sí ilé kan."

"Wọ́n á tẹ ara wọn mọ́lẹ̀."

"Kí ẹ kọ́ ilé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

"Ta ni yóò máa bá wọn ṣeré? Ọdẹ, ronú kí o tó sọ̀rọ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn àgbà igbó ti gbà mí níyànjú. Wọ́n ní kí n gbé Àlékún fún ẹkùn. Wọ́n ní bí kò bá ti sí, àwọn ọmọ mi á pín sí méjì, á pín sí mẹ́ta, á pín títí dé mẹ́wàá, á pín sí méjìlá, kò ní sí gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni àwọn àgbà igbó náà sọ. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ẹ̀pà dán an wò, bí ẹ̀pà yín bá tó. Láìsí ọ̀kan yẹn, kò sí iye tó ní sùúrù tó o, ẹ̀rọ̀ bí omi, gbogbo ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ló ń bá a pín. Ẹ fi ọ̀kan kún un pẹ́rẹ́, ó di olóríkunkun, ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo yín. Mo ti rí ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, tó jẹ́ pé oyè kékeré kan ló ba ìwà rẹ̀ jẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín kò ṣe pọ̀n ọ́n?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Bí mo bá pọn ọ̀kan, kí ni n ó wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìyá ọ̀pọ̀ ọmọ kò gbọdọ̀ ní ẹ̀yìn tí yóò fi pọn ẹnì kan. Gbọ́, ọdẹ. Bí o bá lè sọ iye ilé tí yóò gbà wọ́n láìsí ẹni tó wà níta, tí o kò sì kà wọ́n sí mi létí, mú àbúrò rẹ máa lọ. Bí o kò bá rí i sọ, ẹsẹ̀ tìrẹ náà yóò wọlẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa gba ọmọ pọ̀n lọ́wọ́ ara yín."

Mo gbà. Kí ni n ó ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ kí n lè fi rí àyè ronú. Mo ní, "Ìyá, ìgbà tí ẹ wá kọ́ mẹ́tàlá, ṣé ó k..." Gbogbo ọmọ pápá náà yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan tutù kan gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu. "...ṣé ó ká yín lára?"

"Ó ká mi lára," Abiyamọ wí. "Mẹ́wàá ló lé."

Nǹkan tutù náà padà sínú ilẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó bọ́ lẹ́nu ẹfọ̀n lè fẹ́ kú sórí ọ̀rọ̀ kan tí kò tó ẹ̀kún ẹnu.

Ìgè ní òun ti fi orí dán iye ilé wò títí dé ogún, títí kọjá ọgbọ̀n, kò sí èyí tó gbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iye burúkú ni." Mo wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e láàárín èjìká, ó ń sùn. Mo wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sáré kiri. Mo sọ fún ara mi pé kíkà kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí kíkà náà ló kó wa sí i. Kí ni ènìyàn lè fi ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe láì kà á? Ìyá wa, ẹní ló ń hun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú yín mọ̀ pé ẹní rẹ̀ kì í wọ́. N kò rí i kó ka koríko rí. Igun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, igun kékeré kan báyìí, á wá máa fi òmíràn gbà á mọ́ra lápá kan, á fi gbà á mọ́ra lápá kejì, ẹní á máa fẹ̀ sí ọ̀tún, á máa fẹ̀ síwájú, apá méjèèjì á sì máa bára wọn dọ́gba. Bí koríko bá tán, ẹní tán nìyẹn.

Mo ní, "Ìgè, sọ Àlékún kalẹ̀."

Mo mú ọmọ náà lọ sí igun pápá, ibi tí àpáta méjì ti pàdé. Mo ní kó dúró síbẹ̀. Mo ké sí mẹ́ta nínú àwọn tó sún mọ́ wa: ìwọ lápá ọ̀tún rẹ̀, ìwọ níwájú rẹ̀, ìwọ ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì fi sílẹ̀. Ó di ẹní kékeré, apá gbogbo dọ́gba. Mo ké sí àwọn mìíràn kí wọ́n tò yí apá ọ̀tún àti apá iwájú ká, kí ẹnì kan sì dí kọ̀rọ̀. Ẹní náà fẹ̀. A tún tò ó yí ká, ó tún fẹ̀. Eré ni àwọn ọmọ náà pè é, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń kọrin. N kò ka ẹnì kankan. Mo kàn ń nawọ́ ni, mo ń sọ pé, "Tò ó yí ká, dí kọ̀rọ̀." Abiyamọ dìde dúró.

Kí n má purọ́ fún yín, n kò mọ̀ bóyá yóò tán síbi tó dáa. Ẹní lè tán láàárín, kí etí kan gùn ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ì bá sì wọlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́bàá pápá ń tán lọ. Ìtò tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún kún. Apá iwájú kún. Ọmọ kan tó ń tiro sáré wá, ó dí kọ̀rọ̀. Mo wo ẹ̀bá pápá, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Mo fò sókè.

Abiyamọ ní, "Dúró. Àyè kan ṣófo."

Òótọ́ ni. Igun gan-an tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àpáta méjì ti pàdé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Nǹkan tutù yẹn tún fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo yíjú sí Ìgè. Àlékún ti yọ́ padà lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti di okùn igbó mú, ó ti di ojú rẹ̀. Ìta ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbà pé àyè tirẹ̀ lè wà nínú ilé. Ìgè kò lè rìn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa ọmọ náà wá síwájú, ó sọ nǹkan kan sí i létí tí n kò gbọ́ títí di òní, ó sì tọ́ka sí igun náà. Ọmọ náà rìn lọ, ó ń wẹ̀yìn wò, títí ó fi dé àyè rẹ̀ tó dúró.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó. Ọmọ tí ẹ ní ó máa ń lé, òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ kọ́ ilé kan síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà ní ìtò iwájú yìí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kó gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ wọlé. N kò kà wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ má kà wọ́n."

Ó pàtẹ́wọ́. Ilé hù láti ilẹ̀ bí ògán, pupa, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò wọlé, ilẹ̀kùn tì, pápá náà ṣófo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, n kò gbọ́ ẹkún. Abiyamọ jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. "Mú àbúrò rẹ," ó wí.

Mo fi àdá gé gbòǹgbò tó so ẹsẹ̀ Ìgè mọ́lẹ̀, ó ń ké, mo ń gé. Okùn igbó tó fi ń pọn ọmọ ṣì wà lára rẹ̀. A ti rìn díẹ̀ kó tó sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́kànléláàádọ́rin ni ìtò iwájú, mọ́kànléláàádọ́rin náà ló sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà pín wọn. Mọ́kànléláàádọ́rin pàápàá, kò sí ẹni tó lè pín in. Iye yẹn kò gba ẹnikẹ́ni láyè àfi ara rẹ̀." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, a kò tíì kúrò nínú igbó. Inú mi dùn púpọ̀, mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín, ibi tí n ó ti gbé ohùn sókè àti ibi tí n ó ti dákẹ́.

Nígbà náà ni ẹkún sọ lẹ́yìn wa. Ẹkún ọmọ tuntun ni. Igbó ni, ẹ má gbàgbé, bíbí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn Abiyamọ tẹ̀ lé e, ó mi ewé lórí wa.

"Ọdẹ! Ó lé ọ̀kan!"

A ki eré mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò ń yọ nílẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ń nawọ́ sí gìgísẹ̀ wa. Ìgè ń tiro, mo ń fà á lọ́wọ́, ajá mi ti lọ jìnnà, kò dúró de ẹnì kankan. Mo rí i pé a kò ní lè sá bọ́. Mo rò ó bí mo ṣe ń sáré, mo sì yíjú padà, mo kígbe: "Ìyá! Ẹ wó gbogbo rẹ̀, kí ẹ kọ́ ilé méjì péré! Nígbà tí ẹ kọ́ méjì, ọ̀kan ló lé. Tuntun yìí ti wá di ìkejì rẹ̀. Kí ọ̀kan wọ ọ̀tún, kí ọ̀kan wọ òsì!"

Gbòǹgbò dúró. A ń gbọ́ bí igbó ṣe ń rò ó. Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni," ohùn náà wí. "Bí mo bá wá tún bí òmíràn ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, èmi Ọdẹ́dìran nìyí. Gbogbo ọgbọ́n mi ti tán sórí ilé méjì. Gbòǹgbò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo fa Ìgè, Ìgè kò tẹ̀ lé mi. Ó ti yíjú padà. Ó tú okùn igbó kúrò láyà, ó ká a, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ jù ú sí ọ̀nà tí ẹkún náà ti ń wá.

Ó ní, "Ìyá, ẹ pọ̀n ọ́n!"

"Kí ni n ó wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Ẹ pọ̀n ọ́n títí èyí tó tẹ̀ lé e yóò fi dé. Nígbà náà kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ pọn ìyẹn. Èyí tó bá lé, ẹ̀yìn yín ni ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe pọn ẹ̀gbọ́n mi yìí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí mo dé. Kò bínú sí mi, ó tún wá mi wá síbí."

Lẹ́yìn náà ni ẹkún náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹkún ọmọ ṣe máa ń rọlẹ̀ bí ara rẹ̀ bá kan ara ìyá rẹ̀, títí tí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Gbòǹgbò padà sínú ilẹ̀. Mo wo Ìgè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ó ń rọra mi ara rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omijé. Èmi náà sunkún, mo sọ fún yín gbangba. Nígbà tó ṣe, mo dì í lọ́wọ́ mú, a kọrí sílé, nítorí ìyá wa kò tíì jẹun.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹni tó bá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó bọ́ sórí àga yìí, èmi náà fẹ́ jẹ ẹ̀pà.